Ọ̀nà Tí A Fi Àpò Ìrẹsì Ṣe

Lọ́dún tí ìjà ìlú Warri le jù, ọwọ́ sókè ni gbogbo ènìyàn fi ń kọjá níwájú sójà. O ì báà ru ẹrù, o ì báà pọnmọ, bí o bá ti rí wọn, wàá na ọwọ́ méjèèjì sókè, wàá sì máa rìn jẹ́jẹ́. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi ọ̀tún láti kékeré, ọwọ́ méjèèjì ni mo sì fi ń di ọ̀pá tí mo fi ń rìn mú. Bí mo bá fi lè gbé wọn sókè, ilẹ̀ ni n ó bá ara mi.

Mo ti Ìjẹ̀bú wá ṣe iṣẹ́ tíṣà ni, àdúgbò Edjeba ní Warri ni mo ń gbé. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà nítòsí wa tí ọ̀nà inú rẹ̀ tẹ́jú lábẹ́ igi, tí ọ̀kadà kì í wọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rìn láìbẹ̀rù. Nígbà tí ìjà dé, àwọn sójà pàgọ́ sẹ́nu ọgbà náà, wọ́n fi àpò iyanrìn dí géètì ńlá tó tẹ́jú pa. Ó wá ku ẹnu ọ̀nà kékeré tó ní àtẹ̀gùn mẹ́rin.

Ọ̀kan nínú àwọn sójà náà jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. "Àǹtí tíṣà, ẹ má ṣèyọnu, ẹ jẹ́ n gbé yín," ló wí, ó sì gbé mi gun àtẹ̀gùn bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Ojú ò tiẹ̀ tì mí. Ńṣe ni mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí nítorí pé mo kàwé. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé mi bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń kí i pé ó ṣeun.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí ọkùnrin aránbàtà àdúgbò wa dé lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀. N kì í kí ọkùnrin yìí àfi tí bàtà mi bá ya, torí n ò fẹ́ kí wọ́n ka èmi àti ẹ̀ mọ́ra. Sójà mìíràn na ọwọ́ láti gbé e.

"Commot hand," ó ní. "I be bag of cement? I wan enter by myself."

Wọ́n ní kó padà sílé nígbà náà. Ó gbójú sókè wò mí. "Teacher, e dey sweet you?"

Ojú wá tì mí wàyí. Mo ní kí sójà sọ̀ mí kalẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ lọ sí kánsù. Ọ̀gá tí a bá níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "People dey die, una dey find where una go stroll? Make una wait till crisis finish."

"Those wey get leg dey stroll there every evening," mo dá a lóhùn. "Dem wait?"

Ó ní ká máa lọ. Ni a bá bu iyanrìn sínú àpò ìrẹsì, aránbàtà so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wọ́ wọn dé ẹnu ọgbà, a sì tò wọ́n lé àtẹ̀gùn títí ó fi rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wálẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni àwọn sójà fẹsẹ̀ tú u ká, ìgbà mẹ́rin ni a tò ó. Lẹ́yìn ìkẹrin, wọ́n rí i pé àwọn náà lè yí dúrọ́ọ̀mù omi wọn gba ibẹ̀ gòkè, wọn ò bá tú u mọ́.

Aránbàtà ló kọ́kọ́ gùn ún. Bí èmi náà ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e, sójà kan tí n ò mọ̀ rí pariwo pé, "Hands up!" N ò dúró.

"My hand dey where e suppose dey," ni mo wí. "If you wan shoot, shoot."

Sójà ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn tẹ ẹnu ìbọn ẹnìkejì rẹ̀ wálẹ̀. N ò wẹ̀yìn títí mo fi dé abẹ́ igi.

Nígbà tí ìlú rọ̀, kánsù fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà náà, wọ́n kọ orúkọ alága sára ògiri. Aránbàtà ti kú nígbà yẹn. Wọ́n pè mí pé kí n wá dúpẹ́ lórúkọ àwọn aláàbọ̀ ara. Mo gba makirofóònù, mo ní aránbàtà kan ló ṣe ọ̀nà yìí, pé kánsù kàn wá fi sìmẹ́ǹtì bò ó ni. Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi.

Irun orí mi ti funfun báyìí. Àwọn ènìyàn a máa sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, pé kí n gbé ìbínú yẹn jù sílẹ̀. N ò gbé e jù. Òun ló gbé mi gun àtẹ̀gùn.