Ta Ló Pa Òbúkọ Kérésì?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí èèyàn ṣe lè la ọdún Kérésìmesì kọjá láìsunkún, ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ ni pé kó má ṣe fi òbúkọ àti ọ̀bẹ sílẹ̀ fún ọkùnrin tí ebi ń pa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa wá sọ pé kó tètè ra àlùbọ́sà, kó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé mọ ibi tí bisikíìtì wà. Àwọn wọ̀nyẹn, èèyàn lè rí ojútùú sí wọn. Ti òbúkọ ni kò ní ojútùú.

Orí òkè Dassa ni ilé ọkọ mi wà, lápá Kèrè, níbi tí wọ́n ti ń dáko iṣu láàárín àpáta. Kátólíìkì ni wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Mùsùlùmí ni ìyá tó bí mi, ó ń ta aṣọ àti ọṣẹ nínú ọjà Dassa nísàlẹ̀. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi kò wá. Kò bá mi jà, kò ṣépè. Ó kàn sọ pé òun kò ní jẹun nílé tí wọn kò ti fi ẹnu ara wọn pe òun. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá ọkọ mi, ó ní òun náà kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó wá jẹ iyán òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórí líle méjèèjì ṣe jókòó, ọ̀kan lórí òkè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí èmi sì ń sáré láàárín wọn lọ́dọọdún. Kotonu ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Tí a bá ti ń di ẹrù láti lọ ṣọdún, mo ti ń ro ọ̀dọ̀ ẹni tí màá kọ́kọ́ dé.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá ọkọ mi yí ọkàn padà. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà, ó dúró níwájú ìsọ̀ ìyá mi, ó ní, "Àna mi, ẹ wá bá wa ṣe Nowẹ́lì. Mo ti sin òbúkọ kan sílẹ̀ nítorí yín." Nowẹ́lì ni gbogbo wa ń pe Kérésì níbẹ̀. Ìyá mi ní òun máa wá. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi nìyẹn, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí ju bí inú mi ṣe dùn lọ. Mo mọ ìyá mi. Bí ọjọ́ yẹn bá bàjẹ́, kò tún ní gun òkè náà mọ́ láéláé.

Lọ́dọ̀ wa, kò sí wàhálà nínú kí Mùsùlùmí jẹ oúnjẹ Kérésì. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kó jẹ́ Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wọn ló pa ẹran náà. Gbogbo ilé Kátólíìkì tó ní àna tàbí ọ̀rẹ́ Mùsùlùmí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Kérésì, iṣẹ́ Mùsùlùmí tó mọ ẹran pa máa ń pọ̀ ju ti fadá lọ. A ti bẹ bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú, ó sì ní òun máa dé láàárọ̀ kùtù. Ìmọ̀ràn mìíràn rèé, ọ̀fẹ́ ni: bí o bá fẹ́ kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ tètè dé, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ mú un wá, má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù pọ́tábù.

Ìyá ọkọ mi lọ sí Máàsì àárọ̀. Ọkọ mi lọ yá àga ládùúgbò. Èmi ń bẹ iṣu. Oòrùn yọ, ó ga, a kò rí bàbá náà. A pè é, ó ní òun ṣì wà ní abúlé Tré, ó ku ilé mélòó kan. Àbúrò ọkọ mi, tí èmi náà ń pè ní ọkọ mi nítorí pé mo bá a nínú ilé ni, ń lọ ó ń bọ̀. Ó ní ebi ń pa òun. Ó ní ẹran òbúkọ kì í tètè jinná. Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo wọlé lọ mú iyọ̀. Nígbà tí mo máa fi jáde, òbúkọ ti wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn.

N kò rántí gbogbo ohun tí mo sọ sí i. Mo mọ̀ pé n kò pè é ní ọkọ mi. Òun kò tilẹ̀ bínú. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, fara balẹ̀. Mo pe bísímílà kí n tó pa á. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ọjà, mo mọ̀ ọ́n pè dáadáa."

Ọkọ mi gbé àga dé, ó wo òbúkọ, ó wò mí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹran ti kú, kò sí ẹni tó lè jí i. Ó ní bí a kò bá sọ, ta ni yóò mọ̀? Wọ́n ṣáà pe bísímílà sí i. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n n kò rí nǹkan mìíràn tí a lè ṣe. Ìyá ọkọ mi ti Máàsì dé, ó rí ìkòkò lórí iná, ó rò pé bàbá náà ti wá, ó ti lọ. Ó gbàdúrà fún un. Kò sí ẹni tó ṣe àmín.

Ìyá mi gun sémíjàn, alùpùpù akérò, títí dé ibi tí ọ̀nà parí sí, ó sì fi ẹsẹ̀ gun àpáta tó kù. Léèsì funfun tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá ló wọ̀. Ìyá ọkọ mi sáré jáde, ó kúnlẹ̀ kí i. Ìyá mi náà kúnlẹ̀, wọ́n sì ń bẹ ara wọn kí wọ́n dìde. Bọ́n fẹ́tì, ìyẹn ẹ kú ọdún, níhìn-ín, bọ́n fẹ́tì lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí n sunkún ayọ̀. Òógùn ló ń bò mí nínú ọyẹ́.

Wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àwọn ẹran tó dáa jù sínú àwo ìyá mi. Ó bu omi fún un, ìyá mi ṣan ọwọ́. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń wo ẹran. Ìyá mi ní, "Bísímílà," ó na ọwọ́ sí àwo.

"Màmá, ẹ má jẹ ẹ́."

Èmi ni mo sọ ọ́. Ọwọ́ ìyá mi dúró sókè. Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó rò pé mo fẹ́ dójú ti òun níwájú àlejò. Ó ní, "Kí ló ṣe oúnjẹ mi?" Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí iyọ̀ tí mo lọ mú títí dórí àdúrà tí a kò ṣe àmín sí. N kò fi ti ọkọ mi pamọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, ìyá ọkọ mi ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun ló ń já ewé fún òbúkọ yẹn láti ìgbà òjò, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìyá mi kọjú sí àbúrò ọkọ mi. "Kí lẹ wí nígbà tí ẹ ń pa á?"

"Bísímílà, Màmá."

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

Ó gbé ojú kúrò lára ẹran. "Mo fi orúkọ Bàbá, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́ kún un, kó lè kárí gbogbo wa."

Ìyá mi sorí kọ́. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín. Ìyá ọkọ mi kò bá a rín in. Ó dìde, ó gbé àwo kúrò níwájú ìyá mi, ó gbé tirẹ̀ náà, ó da ẹran inú wọn padà sínú ìkòkò, ó sì dé e. Ó ní, "Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ sìn ín kò lè jẹ ẹ́. Èmi náà kò ní jẹ ẹ́ lónìí." Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó mú àkùkọ rẹ̀ ńlá, ó dè é mọ́ ìdí igi, ó wá jókòó ti ìyá mi. "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Tré?"

"Mo ti ń fi ebi sùn nítorí ilé yìí láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti wọ ibẹ̀," ni ìyá mi wí. "Ti òní kékeré ni."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa dúró. Iyán tutù, ó ń le. Òórùn ẹran òbúkọ gba gbogbo àgbàlá, kò sì sí ẹni tó gbójúgbóyà láti ṣí ìkòkò. Bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́jọ́ ọdún, má dá àpárá, má sì sọ fún ọkọ rẹ pé o ti kìlọ̀. Jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ mi kò wo ojú mi, èmi náà kò sì wá ojú rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ ẹ̀yìn àpáta kí bàbá náà tó dé, ṣòkòtò rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ti pa láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ àforíjì. Ó pa àkùkọ. Ìyá mi ká apá léèsì rẹ̀ sókè, òun àti ìyá ọkọ mi jọ ń tu ìyẹ́, wọ́n sì ń jiyàn bóyá omi náà gbóná jù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n bá ara wọn jiyàn láìjẹ́ pé èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí mò ń gbé e bọ̀.

Nílé ọkọ mi, ọkùnrin tó dàgbà jù ló ń jẹ iwe adìẹ. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ọkọ mi ni. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, ó ti na àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó mú iwe náà jáde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi. Ìyá mi wò ó. Ó gé ìdajì rẹ̀ jẹ, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi ìdajì yòókù sí ẹnu ìyá ọkọ mi.