Ìdọ̀bálẹ̀ Nínú Ẹrẹ̀ Ọ̀nà Kango

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, dírẹ́bà ni wọ́n pè mí. Mo gẹrun, mo lọ ṣòkòtò, mo fi pólíìṣì pa bàtà, mo sì gba ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lọ, èyí tí àwọn Sístà ìjọ Àgùdà ń bójú tó lókè àdúgbò Glass, ní Libreville. Gabon ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, gbogbo ènìyàn ló sì ń gba ipò ńlá. Èmi náà gba tèmi. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń fọ ìdí bàbá kan tó ń bú mi pé omi tutù. Sístà Àgbà fi ẹ̀rín ṣàlàyé fún mi pé ọkọ̀ kì í jáde lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó ń dọ̀tí lójoojúmọ́.

Inú àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ wa ní Glass dùn gan-an nígbà tí wọ́n gbọ́. "Jósẹ́fù, ṣé kó o lè máa wẹ bàbá oníbàbá lo ṣe wọkọ̀ ojú omi kúrò l'Ékòó?" Àwọn tó ń bi mí yìí ní ìyá nílé tí wọn kò fojú kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lórí títọ́jú òbí kò wọ́n wọn.

Mo kọ́ iṣẹ́ náà. A kì í fa arúgbó lọ́wọ́ dìde. A ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, a ó sì dúró kí òun fúnra rẹ̀ gbà láti dìde. Ẹni tí kò lè kúrò lórí ibùsùn, a ó máa yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé iṣẹ́ yìí ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ pa òróró sí eegun ẹ̀yìn arúgbó láàárọ̀ kò ní fẹ́ gbé eegun náà gba inú kòtò kọjá lọ́sàn-án.

Ọ̀nà tó lọ sí Kango sì rèé, ilẹ̀ pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀rùn á sọ ọ́ di páànù òrùlé, ó máa ń gbọn ènìyàn títí eyín á fi máa kan ara wọn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi sọ fún mi pé tí mo bá sáré dáadáa, ọkọ̀ á fò lórí rẹ̀, mi ò ní mọ̀ ọ́n lára. Òótọ́ ni. Àwọn kan nínú wọn kò mọ ohunkóhun lára mọ́ títí dòní. Ọkọ̀ agbégẹdú náà tún ń bọ̀ níwájú, ó ru igi tó tó ilé: àárín ọ̀nà ni tirẹ̀, inú igbó ni tìrẹ.

Síbẹ̀, gẹdú kọ́ ni ewu tó ga jù. Èyí tó ga jù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dé fìlà. Bàbá Láyíwọlá ni, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wa, aránṣọ ará Abẹ́òkúta tó ti dàgbà sí Glass kí wọ́n tó bí mi. Kò ní ọmọ, kò ní ìyàwó mọ́, kò sì wakọ̀ rí láyé rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ. Bí a bá ń kó àwọn arúgbó lọ kí ẹbí wọn lábúlé, iwájú ni Bàbá ń jókòó, òun ló sì ń pàṣẹ.

Wọn kò kọ́ mi nílé bí a ṣe ń sọ fún àgbà pé rárá. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ tuntun, Bàbá ní kí n kọjá lára ọkọ̀ kan tó ń da eruku bò wá. Àgbà sọ̀rọ̀, mo gbọ́ràn. Inú kòtò ni ìgbọràn náà gbé wa sí. Ìyá méjì tó wà lẹ́yìn kò fara pa, ṣùgbọ́n wọ́n fi èdè wọn ṣépè fún mi, ó sì yé mi dáadáa. Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní, "Ta ló ní kó o gba ibí?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí bíréèkì kejì. Ti àkọ́kọ́ wà ní ẹsẹ̀, èkejì wà lẹ́nu. Bàbá á ní, "Sáré!" Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà," ẹsẹ̀ mi ò ní mira. "Yà á sílẹ̀!" "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Àlàáfíà wà.

Nígbà tó di àkókò òjò, ìròyìn dé láti Kango pé ẹ̀gbọ́n Bàbá, ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń ṣe káfíńtà níbẹ̀, kò jẹun mọ́, ó sì ń bèèrè Bàbá. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé wọn. Sístà Àgbà ní kí n gbé e lọ ní kíá. Ó tún sáré tẹ̀ lé wa dé ẹnu géètì: "Doucement, Joseph!" Kí n lọ kíá, kí n sì rọra. Olúwa ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe méjèèjì pọ̀.

A kò tíì dé Kango tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, a sì bá báríyẹ̀. Igi gbọọrọ ni, wọ́n máa ń gbé e dábùú ọ̀nà bí òjò bá ń rọ̀, kí ọkọ̀ ńlá má baà ba ilẹ̀ rírọ̀ jẹ́. Ọkọ̀ kékeré bíi tiwa lè kọjá. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ gbé igi sókè, ó ní, "Passe, si tu veux. C'est ton affaire." Kí n kọjá bí mo bá fẹ́, ọ̀ràn mi ni. Mo wo iwájú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà náà, afárá onígi wà nísàlẹ̀, omi sì ti ń gorí rẹ̀.

"Kọjá," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà." Mo pa ẹ́ńjìnnì.

"O ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni sà fún mi láti Libreville! Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ. Bí mi ò bá bá a láàyè, ọrùn rẹ ni mo máa fà á kọ́."

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ tí mò ń fi òróró wọ́ láràárọ̀ kó tó lè tẹ̀lẹ̀ ló kì bọ ẹrẹ̀. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo sáré yí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pupa náà, tèmi ti aṣọ iṣẹ́ funfun.

"Rárá, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ bú mi, ẹ nà mí. Mi ò ní wà á títí omi á fi kúrò lórí afárá yẹn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ rìn."

Ọkùnrin báríyẹ̀ sáré wá, ó rò pé arúgbó náà ló gbá mi ṣubú. Bàbá wò mí títí, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Mo nu ẹsẹ̀ náà, ó jẹ́ kí n nù ún bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kú ní wákàtí yẹn, kò sí afárá tí mo lè fi ṣàlàyé. Mo mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni mo ṣe, kò sì dùn mọ́ mi nínú rárá.

Òjò dá, omi fà, a rọra kọjá. Nígbà tí a dé Kango, ẹ̀gbọ́n náà wà lórí ibùsùn, ó rù kan eegun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Kí Bàbá tó kí i tán ló ti ń fi mí sùn: ọmọ yìí kọ̀, ọmọ yìí dá mi dúró sójú ọ̀nà, ọmọ yìí kò gbọ́ tàgbà. Ẹ̀gbọ́n wo ẹrẹ̀ tó gbẹ sí mi láyà.

"Láyíwọlá," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ, "èmi ni mò ń kú. Ta ló ní kí ìwọ náà múra?"

Àgbà tó ju àgbà lọ nìkan ló lè pa àgbà lẹ́nu mọ́. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Mo gbọ́ pé ọwọ́ Bàbá ni ẹ̀gbọ́n sùn sí tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo padà lọ gbé e. Iwájú náà ló jókòó sí. Ọkọ̀ agbégẹdú kan wà níwájú wa, ó ń fà nílẹ̀ bí ìgbín, mo sì ń retí àṣẹ.

"Rọra, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Èmi nìkan ló kù tó mọ orúkọ ìyá wa."

Kí a tó dé Libreville, ó ti sọ ọ́ fún mi. Bàbá náà ti kú tipẹ́, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá wọn ń jẹ́. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ rọra máa wakọ̀.