Ọfà Tí Bàbá Mi Ta Lẹ́bàá Odò

Èmi kì í ṣe ọdẹ o. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe ní Àkúrẹ́, ibi tí iná bá wà ni mo sì fẹ́ràn. Bàbá mi ni ọdẹ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún tó kọjá, mo bá ara mi nínú igbó lẹ́yìn Ìta-Ògbólú, mò ń fi iná fóònù wá ẹ̀jẹ̀ lára ewé kòkó, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹran ni mò ń wá tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ìyàwó mi ló bímọ. Ọmọ Oǹdó ni, ilé ìyá rẹ̀ ló sì lọ bímọ sí, torí ó ní òun ò lè fi ìtọ́jú ìyá òun sílẹ̀ kí òun wá máa jẹ ìrẹsì tí èmi bá sè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Mo ti pinnu pé màá ra páálí ẹja yìnyín kan àti adìẹ mélòó kan, màá kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó parí. Bàbá mi wò mí títí. Ó ní ṣé òun lòun máa gbé ẹja yìnyín lọ síwájú àna òun, kí wọ́n lè máa sọ ní Oǹdó pé ọdẹ Àkúrẹ́ kan ń ra ẹran jẹ. Mo bi í pé ta ló bèèrè ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti gbé apó ọfà rẹ̀ kọ́ èjìká. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, èmi náà sì jọ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi máa ń jáde wá wòran tí àwa méjèèjì bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wa sọ.

Ẹ lè máa bi mí pé ọrun àti ọfà láyé tá a wà yìí kẹ̀? Ìbọn rẹ̀ ṣì wà lókè àjà. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti gbòde ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè yẹn ò ti fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn mọ́. Kí ìbọn dún ẹyọ kan péré, gbogbo oko á tú ká, obìnrin á da agbọ̀n rẹ̀ nù, wọ́n á máa sáré bọ̀ lójú títì. Wọ́n bẹ bàbá mi, ó gbà, ó padà sídìí ọrun tí bàbá tiẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ. Ó ní ó tiẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọfà kì í pariwo.

Mo wa ọkọ̀ dé etí oko lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo gbé kúlà ńlá kan sẹ́yìn rẹ̀, kí n lè gba ẹran kí n sì kọjá sí Oǹdó. Mo bá bàbá mi níbi tó jókòó sí ìdí igi kòkó, ọrun rẹ̀ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí i, kò jẹ́ mi. Mo tún kí i. Ló bá ní kí n jókòó. Àyà mi já, torí bàbá mi kì í ní kéèyàn jókòó kó tó sọ̀rọ̀ àfi tí ẹnì kan bá ti kú.

Ó ní òun dúró lẹ́bàá odò, níbi tí àgbọ̀nrín ti máa ń wá mu omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ewé mì, òun ta ọfà, ọfà ba nǹkan. Nǹkan náà kígbe, ó sì já wọ inú igbó lọ.

"Igbe yẹn," ó ní, "bí igbe èèyàn ló ṣe dún létí mi."

Mo fẹ́ fi í ṣe ẹ̀rín. Mo ní ṣebí òun náà ló sọ fún mi pé ẹran tí ọfà bá bà máa ń ké. Ó mi orí. Ó ní Bàbá Ẹlẹ́mu ò tíì kọjá.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Bàbá Ẹlẹ́mu ni a máa ń pe ọ̀rẹ́ bàbá mi, tó ń dẹ́mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yẹn gan-an. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹlòmíì tí bàbá mi ń bá sọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n jọ dàgbà ni, wọ́n jọ ń ta ayò, wọ́n sì jọ ń jà lórí ayò náà. Òun ló pọ̀n mí rìn títí dé ilé ìwòsàn ní Ìjù nígbà tí ibà fẹ́ pa mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, ó máa ń gba ojú ọ̀nà odò bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ẹmu rẹ̀, á bu ife kan fún bàbá mi, wọ́n á bú ara wọn díẹ̀, á sì kọjá sílé. Lọ́jọ́ yẹn, kò wá.

Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Ìyẹn náà ò sọ nǹkan kan fún wa, torí fóònù bàbá yẹn lè wà láìní iná fún odindi ọ̀sẹ̀, kó má sì mọ̀.

Ibi tí nǹkan ti wá dojú rú nìyí. Ọdẹ kì í sá tẹ̀lé ẹran tí ọfà ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Ó máa ń jókòó ni, kí ẹran náà lè rò pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, kó dùbúlẹ̀ síbì kan, kó sì kú síbẹ̀. Tó o bá lé e, á fi ìbẹ̀rù sáré dé ibi tó ò ní rí i mọ́ láéláé. Ìyẹn bó bá jẹ́ ẹran. Bó bá jẹ́ èèyàn ńkọ́? Bí a ṣe jókòó yẹn, ṣé kì í ṣe pé à ń jókòó wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tán lọ? Bàbá mi dìde, ó tún jókòó. Ó tún dìde. Ó ní ká dúró díẹ̀. Ó ní rárá, ká máa lọ. Mi ò rí bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó jẹ́ pé tó bá ti ní òsì, kódà kí ọ̀tún jẹ́ ọ̀nà, òsì la máa gbà. Orí mi gbóná. Mo gbé ọrun rẹ̀ fún un, mo ní kó jẹ́ ká lọ wo ohun tó ṣe.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a dé etí odò. Iná tó dè mọ́ orí ń tàn, tèmi náà ń tàn, síbẹ̀ èmi ló ní kí n máa wá ẹ̀jẹ̀. Mo rí i lára ewé kòkó kan. Ó bi mí pé báwo ló ṣe ga tó. Mo ní ó tó itan mi. Ó ní ìhà àgbọ̀nrín á wà níbẹ̀, itan èèyàn náà á sì wà níbẹ̀. A tún rí òmíràn níwájú, ó ń hó díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ẹran ni." Mo mí kanlẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tó fi dúró, ó ní òun ò mọ̀ o. Mo ní báwo lẹ ṣe máa ní ẹ ò mọ̀? Ẹ ti ṣe ọdẹ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹ ò mọ ẹ̀jẹ̀ ẹran yàtọ̀? Ó ní tí òun bá fẹ́ kó jẹ́ ẹran, òórùn ẹran lòun ń gbọ́. Tí òun bá rántí igbe yẹn, òórùn náà á yí padà.

Nínú ẹrẹ̀ tó wà níwájú, mo rí pátákò ẹran tó là sí méjì. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Mo tún wá rí ẹsẹ̀ èèyàn, ẹsẹ̀ láìsí bàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí pé èwo ló wà lórí èkejì. Mo tẹ̀ba, mo wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀. Ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo kàn ń wo ẹrẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà la rí kẹ́ẹ̀gì náà. Ó dojú dé sínú koríko, ìdérí rẹ̀ ti ṣí, gbogbo ibẹ̀ ń rùn ẹmu. Bàbá mi ò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo gbé e, mo sì mọ okùn pupa tó wà lọ́rùn rẹ̀. Mo la ẹnu, mo fi gbogbo agbára mi pè é, "Bàbá Ẹlẹ́mu! Bàbá Ẹlẹ́mu o!" Kò sí ìdáhùn. Mo tún pè é. Àwọn kòkòrò inú igbó pàápàá dákẹ́.

Bàbá mi di apá mi mú. Ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu. Ní apá ọ̀dọ̀ wa yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tó bá wà nínú igbó kì í dáhùn tí wọ́n bá pè é, ì báà jẹ́ ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń pè é. Súfèé làwọn àgbàlagbà yẹn fi ń pe ara wọn, kálukú ló sì ní tiẹ̀, ìkejì rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èyí túmọ̀ sí pé bí Bàbá Ẹlẹ́mu bá ti kú, kò ní dáhùn. Bó bá wà láàyè, kò ní dáhùn náà.

Inú bí mi dé góńgó. Mo ní, "Bàbá, kí ló wá dé tẹ́ ò súfèé látàárọ̀?"

Kò wò mí. Ó ní, "Tí mo bá súfèé, tí kò bá dáhùn ńkọ́?"

Ìbínú mi tán pátápátá. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mo kàn ní, "Ẹ súfèé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbìyànjú, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo da ìwọ̀nba ẹmu tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì sọ́wọ́ rẹ̀, ó fi pa ètè, ó tún gbìyànjú. Súfèé náà jáde, ó gùn, ó ń gbọ̀n, ó sì rọ̀ wálẹ̀ níparí. A dúró. A dúró títí tí mo fi rí i tí èjìká bàbá mi ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Súfèé kan dáhùn. Láti ẹ̀yìn wa ló ti wá, níbi tá a ti kọjá láìwo ibẹ̀ rárá.

Bàbá Ẹlẹ́mu la bá tó jókòó sórí igi tó wó, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú. Àgbọ̀nrín wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti kú, ọfà bàbá mi ṣì wà níhà rẹ̀. Ó ti já ewé tútù lé e lórí, bí a ṣe máa ń fi ewé lé ohun tó bá ti ní ẹni tó ni ín. Ó ń bínú. Ó ní ta ló ń pe òun kiri inú igbó bí ẹni ń pe ewúrẹ́, òun fi ọwọ́ bo ẹnu òun kí òun má bàa ṣèèṣì dáhùn. Ó ní òun rí ọfà lára ẹran náà, òun sì mọ ọfà ọ̀rẹ́ òun, ni òun bá ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, òun tẹ̀lé e bó ṣe ń ṣẹ́rí padà kó má bàa sọ nù, títí ẹsẹ̀ òun fi yẹ̀.

Bàbá mi ò wo ẹran náà. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tọ́ ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri, láti orí dé èjìká, dé àyà, dé ikùn. Bàbá Ẹlẹ́mu kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ó fẹ́ ra òun ni. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di ọwọ́ náà mú.

"Kí lo rí kó o tó ta á?" ó bi í.

"Mi ò rí nǹkan kan," bàbá mi ní. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí nǹkan kan lírọ̀lẹ́. Ìró ẹsẹ̀ ni mo gbọ́."

Bàbá Ẹlẹ́mu wo ọfà tó wà níhà ẹran náà.

"Ìró ẹsẹ̀ yẹn, tèmi ni," ó ní. "Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ni. Inú koríko ni ẹran yìí sùn sí, èmi ni mo jí i, iwájú mi ló sì fò gbà."

"Igbe yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo ké."

Bàbá mi gbé orí lé eékún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sunkún. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà lọ. Mo pa iná fóònù mi. Mi ò fẹ́ rí i.

Ní Oǹdó, lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín wá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Bàbá ìyàwó mi dìde dúró, ó yin àna rẹ̀, ó ní ọkùnrin tó ṣì lè fi ọfà pa ẹran lọ́jọ́ orí yìí, ojú rẹ̀ mú o. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá mi dá wọn lóhùn pé òun kọ́ lòun pa á, ọ̀rẹ́ òun ló fún òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo wo àwo rẹ̀, ó ti ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iyán nìkan ló ń jẹ. Ìyá ìyàwó mi sì ń wò mí pé kí n jẹun. Mo mú ẹran kan, mo fi sẹ́nu. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbé e mì tàbí kí n tu ú dà nù.