Nọ́ọ̀tì Tó Dẹ̀ Lára Ọkọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín

Mò ń jowú, mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń fi píkọ́ọ̀pù tó ń lo epo dísù kó ẹyin kiri ni mò ń jowú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín la máa ń pè é, torí kó tó kí èèyàn, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Mẹkáníìkì lọkọ mi, ẹ̀yìn ilé wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ páìpù dísù, àwa méjèèjì la jọ ń lé e jáde. Èmi á máa tẹ pọ́ǹpù kékeré tó wà lórí fíltà, òun á tú nọ́ọ̀tì ibẹ̀ títí ìfófòó á fi tán lára dísù, á wá dè é padà. Ìgbà tí Ẹlẹ́rìn-ín dé, ọkọ mi ní òun fẹ́ kọ́ ọ kó lè máa dá a ṣe. Bó ṣe di pé obìnrin yẹn ń tẹ pọ́ǹpù nìyẹn, tí èmi ń fọ abọ́.

Ọkọ̀ ọ̀hún kì í yé bàjẹ́. Láàárọ̀ kì í fẹ́ dáhùn. Tó bá dáhùn, á tún kú lójú ọ̀nà. Wọ́n pààrọ̀ fíltà, wọ́n da omi ìdí rẹ̀ nù, wọ́n fọ táǹkì. Kò ní pẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín á tún dé, t'ẹ̀rín t'ẹ̀rín. Háà! Mo ní obìnrin yìí ló ń bomi sí dísù rẹ̀, kó lè máa rí ọkọ ọlọ́kọ.

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi lọ ra fíltà sí ọkọ̀ náà, mo ko Ẹlẹ́rìn-ín lójú. "Àǹtí, kí lẹ ń wá nílé mi gan-an?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹyin mi ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ síbòmíì, ọ̀gá ló ní kí n má gbé e lọ."

Mo mú sípánà, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀tì orí fíltà dẹ̀ débi pé ọwọ́ lásán ni mo fi yí i. Ibẹ̀ lafẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ọkọ mi, tó máa ń dè é ní àdètúndè fún gbogbo oníbàárà!

Mo ní kí obìnrin náà tẹ pọ́ǹpù. Èmi àti ẹ̀ la jọ lé afẹ́fẹ́ jáde, mo sì de nọ́ọ̀tì náà títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lọ.

Ọkọ mi wọlé, ó wo ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀.

"Mo ti dè é," ni mo wí.

Kò bi mí pé kí ni mo dè. Ó gbé fíltà kalẹ̀, ó ní, "Ṣé ó ní òun ń padà bọ̀?"