Ọlọ́wọ́ Òsì ní Béèsì Kìíní

Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ yẹn, inú á bí mi débi pé mi ò ní lè jókòó. Inú ń bí mi sí ọkùnrin tó wá ṣa àwọn ọmọ, inú ń bí mi sí SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé, tó sọ owó ilé ẹ̀kọ́ di ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi bọ́ọ̀lù wá kiri. Ṣùgbọ́n ara mi gan-an ni mò ń bínú sí jù, ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe jẹ́.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìdíròkò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé àpò kan wá fún mi láti Abẹ́òkúta: igi mẹ́ta, bọ́ọ̀lù díẹ̀, ìbọ̀wọ́ aláwọ mẹ́sàn-án àti ìwé pélébé kan. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní bésíbọ́ọ̀lù. Èmi tí mi ò rí i rí! Mo ka ìwé náà títí ó fi ya. Gbígbá bọ́ọ̀lù kò yọ mí lẹ́nu, kò sí ọmọ tí a fún ní igi tí kò ní fi gbá nǹkan. Ohun tó le ni ibi tí kálukú máa dúró sí nígbà tí ẹgbẹ́ kejì bá ń gbá a, kí bọ́ọ̀lù má baà kọjá.

Bí mo ṣe mọ ìwà wọn ni mo ṣe pín wọn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó ń pàṣẹ fún gbogbo ayé, mo fi í sẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, torí pé ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí gbogbo pápá. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀, mo fi í sáàárín béèsì kejì àti ìkẹta, ìyẹn àwọn ibùdó tí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù ń sáré lọ. Ó wá ku ọmọ kan tó ń wá láti ìlú Itele. Ó ga, ojú rẹ̀ mú, bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó wá ju bọ́ọ̀lù, ẹ ò ní fẹ́ wò ó. Apá rẹ̀ á gan, bọ́ọ̀lù á kàn já bọ́ síwájú rẹ̀. Mo lé e lọ sí ìpẹ̀kun pápá lápá ọ̀tún, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà dé, mo tún bú u mọ́ ọn: "Ṣé o ò jẹun ni?"

Òun ló sì nílò eré yìí jù nínú gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Sango kò rí ẹrù kó wọlé láti òkè òkun mọ́, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Wọ́n ti fẹ́ mú ọmọ náà kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ilé iṣẹ́ mìíràn wá ṣèlérí pé ọmọ tí wọ́n bá mú fún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, àwọn á san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí á fi jáde. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá ṣà wọ́n.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀gá dé ni mo rí ọmọ yìí lẹ́yìn kíláàsì. Ó rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó he òkúta, ó fi ọwọ́ òsì sọ ọ́ lu agolo kan lórí ògiri. Gbàà! Agolo fò lọ. Mo pariwo, ó yáa ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má nà mí, mà. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó ṣàlàyé fún mi pé bàbá òun fi àkísà di ọwọ́ náà mọ́ òun lára nígbà tí òun kéré, títí òun fi gbà láti máa lo ọ̀tún. Orí mi gbóná. Èmi náà ti na ọmọ mélòó nítorí ọwọ́ òsì? A pawọ́ pọ̀ ba apá tó dáa jẹ́, mo tún ń bi í bóyá ó jẹun!

Béèsì kìíní ló yẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí jù, ẹni tó bá sì wọ ìbọ̀wọ́ sí ọ̀tún, ọwọ́ yẹn gan-an ló kọjú sí àárín pápá. Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ òsì ni gbogbo ìbọ̀wọ́ inú àpò. Mo lọ bá aṣebàtà kan ní Ọ̀tà, ó fi awọ àlòkù àti fóòmù rán ọ̀kan. Ó tóbi díẹ̀, a sì ń fi okùn dì í mọ́ ọrùn ọwọ́ kó má baà yọ.

Ni bàbá rẹ̀ bá gbéra wá. "Tíṣà, ẹ fẹ́ kí ọmọ mi máa na òsì sí àgbà?"

"Bàbá, bọ́ọ̀lù ló máa fi jù! Ẹ̀yin lẹ ba apá ọmọ jẹ́."

Ó pòṣé, ó lọ. Èmi náà kò wẹ̀yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń pariwo mọ́ ọmọ náà lórí: "Gbàgbé ọ̀tún! Mo ní kó o gbàgbé ẹ̀!"

Ọjọ́ pé. Háà, ẹ bá mi wo ọmọ! Kò sí bọ́ọ̀lù tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Bó ti ń gbá a mú ló ń jù ú, ẹnu ya gbogbo wa. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dìde, ó yọ fọ́ọ̀mù nínú fáìlì, ó pè é, ó na fọ́ọ̀mù sí i. Ọmọ náà sáré dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní dídì. Ó na òsì gbà á.

Ọ̀gá fa fọ́ọ̀mù sẹ́yìn. "Èmi? Èmi lò ń na ọwọ́ òsì sí?"

Ọmọ náà ń fi eyín tú okùn, òógùn ti mú un le. Ọ̀gá ti pa fáìlì dé, ó ti ń lọ síbi mọ́tò rẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn nínú síkẹ́ẹ̀tì tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fojú fò ó. Kò rí ẹni kọ́ ọ nílé ni."

Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ ọ́ o! "Ó hàn bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá wí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò mọ́ mi lójú.

Nígbà tí mo yíjú padà, bàbá ọmọ náà ló dúró lẹ́yìn mi, ó di fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

"Mo kọ́ ọ, tíṣà," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kó gbàgbé."