Aláìnmẹ́ǹtì Tí A Ṣe Pẹ̀lú Màmá Nínú Ọkọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tójú mi rí lórí jíìpù mi fún yín. Apá kan níbẹ̀ lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò tíì lè rẹ́rìn-ín sí i.

Tíṣà ni mí l'Ọ̀kà, Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé. Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá mi wà, ṣùgbọ́n Ọ̀kà ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ìkòkò àti abọ́ wà. Láràárọ̀, èmi ni mo ń gbé e lọ: òun níwájú, Rọ́fíà ọmọ mi lẹ́yìn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé jíìpù náà ga, orúnkún ń dun Màmá, ara rẹ̀ sì tóbi. Èmi àti ìyàwó mi la máa ń tì í wọlé. Ojú a máa tì í táwọn aládùúgbò bá ń wò wá. Lọ́jọ́ kan ó fajú ro, ó ní, "Mọ́ ṣe mí bí àpò kòkó o!" Ó ní bó bá jẹ́ báyìí ni, òun á kúkú jókòó sílé. Màmá mi, jókòó sílé? Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀!

Ni mo bá ní kí mẹkáníìkì gé spíríǹgì ọkọ̀ náà kó lè wálẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Gbogbo ayé ń gbé tiwọn sókè nítorí kòtò, èmi ń sọ tèmi di alángbá! Ṣùgbọ́n Màmá ń dá wọlé, ó ń dá jáde. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sikírù tó ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí ọkọ̀ lè lọ tààrà, lọ́nà Arigidi. Òwú àti tépù ni bàbá yìí ń lò, kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó bi mí pé ta ló máa ń jókòó níwájú. Mo ní Màmá mi ni. Ó ní kí n lọ gbé e wá. Ẹ gbọ́ ná! Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n bá ti gé spíríǹgì rẹ̀, ìwọ̀n inú ìwé ọkọ̀ kò bá a mu mọ́, ẹni tó máa ń gbé gan-an ló yẹ kó wà nínú rẹ̀ tá a bá ń wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe jókòó fún wákàtí kan gbáko, ó ń ka tẹ̀sùbáà, èmi wà nídìí sítíárìn. Bàbá Sikírù ta òwú láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú, ó ń yí nọ́ọ̀tì lábẹ́. Màmá bi í bóyá òun sanra ju òwú rẹ̀ lọ. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tá a dé títì, ọkọ̀ náà lọ tààrà.

Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn náà, Màmá kírun àsùbáà tán, ó fara ti ògiri, kò sì dìde mọ́. Ẹ dákun, mi ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í fà sósì, síhà ibi táwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń gbà. Ṣé kì í fà tẹ́lẹ̀ tí mo bá dá wà á? Ó ń fà o, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí Màmá fi ń wọlé padà, n kì í kà á sí. Mo gbé e padà lọ bá Bàbá Sikírù. Ó fọwọ́ tẹ iwájú ọkọ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan ti fúyẹ́ jù, àfi ká tún un ṣe lófìfo, láìsí ẹnikẹ́ni níjòókòó iwájú.

Mo kọ̀! Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì yẹn. Bó ṣe wà nígbà tí Màmá jókòó síbẹ̀ ni mo fẹ́ kó wà. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí, mi ò gbọ́. Oṣù méjì ni mo fi ń fipá di sítíárìn mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bá a ṣe kọjá Àkùngbá, táyà iwájú tó ti jẹ tán bẹ́. Ọkọ̀ já gba òsì lọ. Tírélà kan tó ń bọ̀ ló yà wọ igbó fún wa. Rọ́fíà ló sì jókòó síwájú lọ́jọ́ náà! A ò fara pa, awakọ̀ tírélà náà ò fara pa, alihamudulilahi. Ọmọ náà bi mí bóyá mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ náà ò dáa. Mo ní mo mọ̀.

A ra táyà tuntun, a padà sọ́dọ̀ Bàbá Sikírù. Rọ́fíà sáré jókòó síwájú, ó ní òun ni kó fi wọ̀n ọ́n. Bàbá rọra ní kó sọ̀ kalẹ̀, pé kò tíì wúwo tó ohun tí òwú á mọ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, òfìfo la ó fi ṣe é, àbí?"

Ọjọ́ tá a sin Màmá, mi ò sunkún tó bí mo ṣe sun ún níbẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ rántí òkú yín dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí alààyè dá a lọ́lá. Díẹ̀ ló kù kí n fi ọmọ mi ṣe é.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ tọ́jú láti ọwọ́ ẹni yín tó lọ, tí ẹ ò lè jẹ́ kẹ́nì kankan fọwọ́ kàn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Gbogbo rẹ̀ ni màá kà, bí mi ò bá tiẹ̀ lè fèsì.