Ìwé Mẹ́sàn-án Ọ̀gá Mi

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri yàrá mi ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí omíyalé dé. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo tún fa òmíràn. Mo ṣírò rẹ̀: kò lè kan orí tábìlì kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Orí tábìlì yẹn ni ìwé mẹ́sàn-án tí ọ̀gá mi fọwọ́ kọ wà. Olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, Ogudu ni wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń bá wọn ṣe ni láti mọ bí eruku tó yí ìràwọ̀ ká ṣe ń dì mọ́ra tó fi ń di ayé bíi tiwa yìí, bí ògì tí a kò pò dáadáa ṣe ń di kókó, kí a sì mọ èyí tí ohun ẹlẹ́mìí lè gbé inú rẹ̀. Ayé tó bá sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ jù, omi ibẹ̀ á gbẹ. Èyí tó bá jìnnà jù, tiẹ̀ á di yìnyín. Ojú ọ̀gá ti fọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n tẹ àwọn ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹ̀dà mìíràn. Mo ti kà wọ́n, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé ọ̀la ni n óò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n.

Mummy Ṣadé, aládùúgbò mi, ń kó ẹrù tiẹ̀ lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Aunty Bọ́sẹ̀, ẹ gbé àwọn ìwé yẹn wá jàre."

"Mo ti calculate ẹ̀, ma. Omi ò lè débẹ̀."

"Ṣé omi náà mọ̀ pé ẹ ti calculate ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo lọ síbi iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ìgbéraga ni, kò lórúkọ mìíràn.

Lọ́sàn-án, àwọn aláṣẹ tú omi tí wọ́n fi dáàmù sé lókè odò sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà, tábìlì ti dojú dé, gbogbo íǹkì inú ìwé ti ṣàn lọ.

Mo kó wọn sínú ọ̀rá, ó di Ogudu. Ọ̀gá fọwọ́ pa ìwé tó ti wú náà, wọn ò bú mi.

"Bọ́sẹ̀, ka ojú ewé àkọ́kọ́ fún mi."

Ohun tí mo rántí ni mo kà, bíi pé ó ṣì wà níbẹ̀.

"O ṣeun. Ojú ewé kejì ńkọ́?"

Mo pa ìwé náà dé. "Ó ti ṣófo, sà."

"Mo mọ̀. Àkọ́kọ́ náà ṣófo. Lọ ra ìwé tuntun."

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ń pe ohun tí wọ́n rántí látorí, mò ń kọ ọ́, ẹ̀dà méjì méjì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé kẹta ni ọlọ́jọ́ dé bá ọ̀gá. Mẹ́fà tó kù, tó wà lórí wọn nìkan, bá wọn wọ sàréè, èmi ni mo sì di ẹrù náà fún wọn.